Báwo ni "Fighting Irish" ṣe di orúkọ àwọn eléré Notre Dame?

Ìbéèrè tí wọ́n fi ránṣẹ́ rèé: Yunifásítì Notre Dame ní Amẹ́ríkà, àlùfáà Àgùdà tó jẹ́ ará Faransé ló dá a sílẹ̀, orúkọ Faransé ló sì ń jẹ́ títí dòní. Kí ló wá dé tí wọ́n ń pe àwọn eléré ìdárayá rẹ̀ ní "Fighting Irish", ìyẹn ará Ireland oníjà? Ṣé èébú kọ́ nìyẹn?

Èébú ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi bú ló gbà á mọ́ra, tí wọ́n sọ ọ́ di oríkì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ojú tí wọ́n fi ń wo ará Ireland ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un. Ebi ló lé ọ̀pọ̀ wọn kúrò nílé láàárín ọdún 1845 sí 1852, nígbà tí àrùn ba pòtétò jẹ́ lóko wọn (pòtétò yìí náà la ṣì ń pè ní "Irish" lọ́jà wa). Iṣẹ́ alágbàṣe ni ọ̀pọ̀ wọn rí ṣe níbi tí wọ́n sá dé. Àwọn tí wọ́n bá nílẹ̀ níbẹ̀ ń pè wọ́n ní ọ̀mùtí, oníjàgídíjàgan, ẹrú Póòpù. Lẹ́nu àwọn abúni wọ̀nyí, ará Ireland àti ọmọ Ìjọ Àgùdà, ọ̀kan náà ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ọmọ Pólàńdì tàbí ọmọ Jámánì bá ń gbá bọ́ọ̀lù fún Notre Dame, "Irish" lòun náà lójú àwọn òǹwòran.

Fadá Edward Sorin dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1842, lẹ́bàá South Bend ní ìpínlẹ̀ Indiana. Ní 1887 ni bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbé sá lọ́wọ́ dé ibẹ̀: àwọn ọmọ Yunifásítì Michigan wá kọ́ wọn, wọ́n sì nà wọ́n ní 8 sí òdo. Ìtàn bí orúkọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kò dájú. Àwọn kan ní òǹwòran Yunifásítì Northwestern ló kọ́kọ́ fi bú wọn ní 1899. Àwọn mìíràn ní láti ọ̀dọ̀ Fadá William Corby ló ti wá, ẹni tó súre ìdáríjì fún àwọn ọmọ ogun ará Ireland kí wọ́n tó wọ ìjà Gettysburg nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ní 1863, tó sì wá di ààrẹ yunifásítì náà. Èmi kò rò pé ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló bí i. Irú orúkọ báyìí, ẹnu púpọ̀ ló ń sọ ọ́ di orúkọ.

Ọdún 1924 ni mo gbà pé ó fìdí múlẹ̀. Ẹgbẹ́ Ku Klux Klan, àwọn aláwọ̀ funfun ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí wọ́n máa ń wọ aṣọ funfun, lágbára gan-an ní Indiana nígbà náà, wọ́n sì kórìíra ọmọ Ìjọ Àgùdà. Ní oṣù Karùn-ún, wọ́n pe ìpàdé ńlá sí South Bend. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ dè wọ́n ní ibùdókọ̀ ojú irin, wọ́n ń já aṣọ funfun gbà lọ́wọ́ wọn. Àwọn Klan gbé àgbélébùú kan tí wọ́n fi gílóòbù pupa ṣe sí fèrèsé ọ́fíìsì wọn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ṣọ́ọ̀bù kan wà nísàlẹ̀ tó ń ta pòtétò. Àwọn ọmọ náà bù ú, wọ́n ń sọ ọ́ lu gílóòbù lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìjà tún bẹ́ lọ́jọ́ mélòó kan sí i, Fadá Matthew Walsh, ààrẹ yunifásítì, wọ ìgboro fúnra rẹ̀ láti bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n padà sílé.

Lọ́dún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Notre Dame kò fìdí rẹmi rárá, wọ́n sì na Stanford ní 27 sí 10 lọ́jọ́ kìíní ọdún 1925. Knute Rockne tó ń kọ́ wọn, Norway ni wọ́n bí i sí, ọdún 1925 ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ìjọ Àgùdà! Francis Wallace, akẹ́kọ̀ọ́jáde ibẹ̀ tó ń kọ ìròyìn eré ìdárayá ní New York, ń pè wọ́n ní "Fighting Irish" ṣáá. Ní 1927, Fadá Walsh fọwọ́ sí orúkọ náà, ó sì ní òun nírètí pé wọn yóò lè máa yẹ fún un. Àwọn àgbà wa ní orúkọ tó wuni là ń jẹ́ lẹ́yìn odi. Tàwọn wọ̀nyí yàtọ̀, orúkọ tí ọ̀tá sọ wọ́n ló padà wù wọ́n.

Ṣé ará Ireland nìkan ló wá ni ín? Rárá. Lọ́jọ́ Àjíǹde 2018, Arike Ogunbowale, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ló ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n nígbà tí aago fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí àwọn obìnrin Notre Dame tó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fi na Mississippi State ní 61 sí 58, tí wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ. Ọmọ tó ń jẹ́ Àríkẹ́ ni wọ́n ń hó "Go Irish" fún.

Ohun tí àwọn kan ṣì ń bínú sí ni leprechaun, iwin inú ìtàn àtẹnudẹ́nu Ireland, ọkùnrin kúkúrú onírùngbọ̀n tó di ẹ̀ṣẹ́, tó di àmì wọn ní 1965. Mo gbà pẹ̀lú wọn díẹ̀: orúkọ náà ti kúrò ní èébú, ṣùgbọ́n àwòrán yẹn ṣì jọ èyí tí àwọn abúni ìgbà yẹn ń yà.