Awò onídígí tí kámẹ́rà kò fi ríran: ohun tí ojú mi rí n'Ífẹ̀

Àbúrò mi tó kọ̀wé láti Iléṣà, bí mo ṣe ń ka ìbéèrè rẹ, àfi bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́. O ní òṣùpá mọ́ kedere bí o bá fojú wò ó nínú awò-awọ̀nàjíjìn onídígí rẹ, àmọ́ bí o bá ti yọ lẹ́ńsì ojú kúrò tí o so kámẹ́rà mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ á di funfun bàìbàì, bó ti wù kí o yí i tó. O wá ń béèrè bóyá dígí rẹ̀ ni kò dáa.

Kò sóhun tó ṣe dígí rẹ. Àyè ni kò tó. Dígí ńlá tó wà nísàlẹ̀ ló ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, dígí kékeré tó dagun lókè á wá darí rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Ibì kan péré ni ìmọ́lẹ̀ náà ti ń pàdé. Lẹ́ńsì ojú lè bá a níbẹ̀. Kámẹ́rà kò lè bá a, nítorí ikùn lọ́hùn-ún ni ojú tó fi ń ríran wà: mílímítà 44 sí ẹnu rẹ̀ nínú kámẹ́rà oríṣi Canon EF, 46.5 nínú oríṣi Nikon F. Bí òrùka T, ìyẹn òrùka tí a fi ń so kámẹ́rà mọ́ awò, bá ti wọ̀ ọ́, ó di 55.

Èmi náà sọwó nù níbẹ̀. Mo rò pé kámẹ́rà mi ni kò jìnnà tó, mo bá ra páìpù àfikún. Ńṣe ló tún burú sí i. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó sẹ́yìnkùlé nínú ọyẹ́, tí mò ń yí ohun tí kò lè bọ́ sí i láéláé.

Àgùàlà ló là mí lójú. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo kọjú awò sí i, ó sì rí bí òrùka nínú kámẹ́rà, ihò dúdú wà láàrin rẹ̀. Òjìji dígí kékeré ni ihò yẹn. Bí mo bá yí focuser, ìyẹn páìpù ẹ̀gbẹ́ awò tí a ń yí wọlé yí jáde, síta, òrùka á tóbi. Bí mo bá yí i wọlé, á kéré. Ó ń kéré, ó ń kéré, focuser bá kan òpin. Ìgbà náà ló yé mi pé inú ló yẹ kí n máa lọ, èmi sì ti fowó ra ohun tó ń gbé mi lọ síta.

Nítorí náà, wọn àyè tí o ní kí o tó náwó. Òṣùpá ni kí o kọjú rẹ̀ sí o. Má kọjú ẹ̀ sí oòrùn láé, á fọ́ ọ lójú. Yí focuser wọlé dé òpin, má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, kí o wá mú bébà pélébé tí ìmọ́lẹ̀ lè là kọjá, kí o máa sún un síwá sẹ́yìn níwájú rẹ̀ títí òṣùpá kékeré kan á fi hàn kedere lórí rẹ̀. Lára awò tó ní mílímítà 650 láàrin dígí àti ibi ìpàdé bíi tèmi, òṣùpá yẹn kò ju nǹkan bíi mílímítà 6 lọ. Fi rúlà wọn ẹnu focuser sí bébà. Tèmi jẹ́ 27. Kámẹ́rà mi ń fẹ́ 55.

Barlow ×2, ìyẹn lẹ́ńsì tó ń sọ àwòrán di ìlọ́po méjì, ni mo kọ́kọ́ lò, torí ó máa ń ti ibi ìpàdé síta. Bó bá jẹ́ òṣùpá àti Júpítà nìkan lò ń wá, ìyẹn ti tó. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló ń kù fún ibi kọ̀ọ̀kan lórí fọ́tò, ìyẹn sì ni mi lára gan-an nígbà tí mo fẹ́ ya ìkùukùu tó wà láàrin àgbájọ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Orion.

Ohun tó tẹ́ mi lọ́rùn ni pé mo gbé dígí ńlá fúnra rẹ̀ sókè. Bóòtù mẹ́ta ló dì í mú, pẹ̀lú síríńgì. Mo mú ọ̀kan lọ bá ẹni tó ń ta bóòtù ọ̀kadà ní Lágere, ó bá mi wá irú rẹ̀ tó fi mílímítà 30 gùn jù ú lọ, mo sì gé páìpù kéékèèké sábẹ́ síríńgì kí dígí má baà máa mì. Bí dígí bá fi 30 gòkè, 30 náà ni ibi ìpàdé fi ń jáde sí i. O ní láti tún àwọn dígí méjèèjì tò kí wọ́n kọjú síra dáadáa. Igun fọ́tò mi sì ṣókùnkùn díẹ̀, nítorí dígí kékeré kò fẹ̀ tó láti gba gbogbo ìmọ́lẹ̀ mọ́. Mo fara mọ́ ìyẹn. Lẹ́ńsì ojú wá ń fẹ́ àfikún kó tó ríran, páìpù tí mo ti kà sí òfò sì rí iṣẹ́ ṣe.

Ti filter, ìyẹn gíláàsì tó ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀, kò le: gíláàsì tó nípọn mílímítà 2 kò sún ibi ìpàdé tó mílímítà 1. Ẹ̀rọ olójú méjì, tó ń pín ìmọ́lẹ̀ awò sí lẹ́ńsì ojú méjì, ló le, ó lè gba mílímítà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Má dán an wò láìsí Barlow.

Wọn tìrẹ, kí o sọ iye tó jẹ́ fún mi àti irú kámẹ́rà tí o ní. Bó bá ju 50 lọ, má tíì tú bóòtù kankan. Ó lè jẹ́ òrùka T tó fẹ́lẹ́ ju èyí tí ò ń lò lọ nìkan ni o nílò.