Amẹ́ríkà àti Ísírẹ́lì ń jà ní gbangba: ìbéèrè yín, ìdáhùn wa

Nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí, aáwọ̀ tó ń wáyé láàárín Washington àti Ísírẹ́lì lórí ọ̀rọ̀ Gásà ló gba iwájú. A gé àwọn ìbéèrè kúrú.

Ìbéèrè, láti Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́dún 2024 wọ́n ní Biden ti dá bọ́ǹbù Ísírẹ́lì dúró. Kò pẹ́ sígbà náà ni Netanyahu, olórí ìjọba Ísírẹ́lì, bọ́ síta, ó ní wọ́n ń fa nǹkan ìjà sẹ́yìn fún òun. Àwọn ará White House ní àwọn ò mọ ohun tó ń sọ. Ta ló ń parọ́ nínú wọn?

Ìdáhùn: Ẹrù kan ṣoṣo ni gbogbo ariwo yẹn dá lé. Ní Oṣù Karùn-ún 2024, ìjọba Biden fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn ti dá ẹrù kan dúró. Bọ́ǹbù 1,800 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2,000 pọ́ùn ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú 1,700 tó jẹ́ 500 pọ́ùn. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ti ńlá yẹn ṣe wúwo tó, ẹ to àpò sìmẹ́ǹtì 18 léra wọn: ẹyọ kan ṣoṣo nìyẹn. Ẹ̀rù ń ba Washington pé Rafah ni Ísírẹ́lì máa jù ú sí, ìlú kan ní gúúsù Gásà níbi tí àwọn èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan sá sí nígbà yẹn. Washington ò bá bọ́ǹbù kékeré jà. Wọ́n kàn jọ wà nínú ẹrù kan náà ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tú u sílẹ̀ ní Oṣù Keje. Ti ńlá ò kúrò lójú kan títí Trump fi gorí àlééfà ní Oṣù Kìíní 2025, tó ní kí wọ́n máa gbé e lọ.

Nítorí náà kò sí ẹni tó parọ́ tán nínú wọn. Wọ́n dá nǹkan dúró lóòótọ́, àwọn ẹrù yòókù sì ń lọ lóòótọ́. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fura sí ni pé olórí ìjọba tó lè tẹ ààrẹ láago nígbà tó bá wù ú lọ gbé ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ sínú fídíò, ó sì sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ 18 Oṣù Kẹfà ni. Kì í ṣe Biden ló ń bá wí. Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà tó fẹ́ lọ bá sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 24 Oṣù Keje ló ń ro ilẹ̀ sílẹ̀ dè.

Ìbéèrè, láti Houston: Owó orí tèmi náà wà nínú ohun tí wọ́n ń fún Ísírẹ́lì. Báwo ni owó yẹn ṣe ń rìn, ibo sì ni àwọn aṣòfin ti lè dí i lọ́nà? Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ pé wọ́n dìbò, mi ò rí i kó yí nǹkan kan padà.

Ìdáhùn: Ìbéèrè yín ló fa ìdáhùn gígùn jù. Ẹ jẹ́ ká mú un láti orísun. Oṣù Kẹsàn-án 2016 ni ìjọba Obama buwọ́ lu ìwé àdéhùn bílíọ̀nù 38 dọ́là fún ọdún mẹ́wàá, láti ọdún ìsúná 2019 dé 2028. Lọ́dọọdún, bílíọ̀nù 3.3 jẹ́ ti nǹkan ìjà, mílíọ̀nù 500 sì jẹ́ ti àwọn ẹ̀rọ tó ń já mísáìlì gbà lójú ọ̀run. Àdéhùn lásán ni, kì í ṣe òfin. Ọdọọdún làwọn aṣòfin gbọ́dọ̀ fi owó náà sínú ìsúná kó tó jáde, nítorí náà ibẹ̀ ni ọ̀nà àkọ́kọ́ láti dí i. Àmọ́ ọ̀nà yẹn kì í pẹ́ tì. Fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, díẹ̀díẹ̀ ni irú owó yìí ń jáde. Ti Ísírẹ́lì yàtọ̀: láàárín ọjọ́ 30 tí òfin ìsúná bá ti jáde, odindi owó nǹkan ìjà ọdún náà máa ń wọ àkáǹtì kan ní Federal Reserve, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ní New York, á sì máa pa èlé. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí ogun le kó tó pariwo owó, owó ti kúrò nílé.

Ọ̀nà kejì ni ọjà fúnra rẹ̀. Kí ìjọba tó ta nǹkan ìjà ńlá, wọ́n á kọ́kọ́ fi han àwọn olórí mẹ́rin, méjì méjì láti inú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nílé méjèèjì. Ẹnì kan nínú wọn lè fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ọjà sì sábà máa ń dúró fún oṣù mélòó kan láìsí pé ẹnikẹ́ni gbọ́ níta. Àṣà ni, kò sí nínú òfin, síbẹ̀ lójú tiwa ibẹ̀ ni ẹnu aṣòfin ti mú jù. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé tòótọ́ máa wọlé. Òfin títa nǹkan ìjà sílẹ̀ òkèèrè fún àwọn aṣòfin ní ọjọ́ 15 láti fi yẹ̀ ẹ́ wò tó bá jẹ́ Ísírẹ́lì àti ìwọ̀nba àwọn ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ọjọ́ 30 ni ti ẹlòmíràn. Sẹ́nẹ́tọ̀ tí inú rẹ̀ ò dùn lè mú àbá àìfọwọ́sí wá, kó sì fi agbára gbé e dé iwájú ilé fún ìbò.

Ibẹ̀ ni ẹ ti ń gbọ́ orúkọ Sẹ́nẹ́tọ̀ Bernie Sanders. Ní Oṣù Kọkànlá 2024, ó gbé àbá mẹ́ta síwájú Sẹ́nẹ́tì. Èyí tó rí ìbò jù gba 19, àwọn 78 sì kọ̀ ọ́. Nígbà tó di Oṣù Keje 2025, àbá tó dá lórí ìbọn gba 27, àwọn tó kọ̀ ọ́ jẹ́ 70. Ó ṣubú náà ni, àmọ́ àwọn 27 yẹn ju ìdajì àwọn sẹ́nẹ́tọ̀ tó wà lọ́dọ̀ Democrat lọ.

Ká ní ó yege ńkọ́? Ilé kejì gbọ́dọ̀ gbà á, ààrẹ lè kọ̀ láti buwọ́ lù ú, àwọn aṣòfin á wá nílò ìdá méjì nínú mẹ́ta nílé méjèèjì kí wọ́n tó borí rẹ̀. Kò tíì sí ìgbà kankan tí wọ́n fi ọ̀nà yìí dá títà nǹkan ìjà dúró títí dópin. Ihò méjì mìíràn tún wà lára ògiri náà. Èkíní, ọjà tí iye rẹ̀ kò bá tó gbèdéke, ìyẹn mílíọ̀nù 25 dọ́là fún ohun ìjà ńlá àti mílíọ̀nù 100 fún àwọn yòókù, kò nílò ìwé rárá. Èkejì, bí akọ̀wé àgbà ìjọba, ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, bá ti kéde pé ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, ọjọ́ 15 yẹn pòórá. Blinken, tó wà nípò náà nígbà yẹn, ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní Oṣù Kejìlá 2023; ti àkọ́kọ́ jẹ́ ọta ọkọ̀ ogun táǹkì tó tó 14,000, iye rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 106 dọ́là.

Ìbéèrè, láti Abẹ́òkúta: Bàbá mi ní láyé àwọn, Amẹ́ríkà kì í bá Ísírẹ́lì wí. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ bá wa kí bàbá, àmọ́ rárá o. Eisenhower ló fúngun mọ́ wọn títí wọ́n fi kúrò ní Sínáì lọ́dún 1957. Reagan dá bàálù ogun F-16 dúró lọ́dún 1981 nígbà tí Ísírẹ́lì lọ ju bọ́ǹbù sí ilé iṣẹ́ átọ́míìkì Ìráàkì.

Ti 1991 ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa. Ísírẹ́lì fẹ́ yá bíliọ̀nù 10 dọ́là láti fi kọ́lé fún àwọn Júù tó ń ya wọlé láti Soviet. Wọn ò tọrọ owó lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kó wá ṣe onídùúró ni, kí báńkì lè dín èlé kù. George Bush àgbà ní kí àwọn aṣòfin fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ọjọ́ 120, torí Shamir, olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà náà, ò yéé kọ́lé sórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́dún 1967. Shamir ò gbà, Bush náà ò gbà. Ní Oṣù Kẹfà 1992, Rabin fìdí Shamir janlẹ̀ nínú ìdìbò, lẹ́yìn náà ni Amẹ́ríkà gbà láti ṣe onídùúró, pẹ̀lú àdéhùn pé wọ́n á máa yọ iye tí wọ́n bá ná sórí irú ilé bẹ́ẹ̀ kúrò. Ó ṣiṣẹ́ torí pé Bush mú un nígbà tí owó ò tíì jáde. Ẹ fi wé àkáǹtì New York tá a sọ lókè.

Ìbéèrè, láti Ilé-Ifẹ̀: Ṣé Nàìjíríà ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí rí?

Ìdáhùn: Ó dá sí i, nípa ṣíṣàì dìbò. Ní ọjọ́ 30 Oṣù Kejìlá 2014, Jọ́dánì gbé àbá kan wá síwájú Ìgbìmọ̀ Ààbò Àgbáyé pé kí Ísírẹ́lì kúrò lórí ilẹ̀ Palẹ́sítínì kí ọdún 2017 tó parí. Ìbò mẹ́sàn-án ló nílò, mẹ́jọ ló rí. Nàìjíríà wà lára àwọn márùn-ún tó ká ọwọ́ gbera. Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà sọ pé rárá, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ìbò ò ti pé, ìbò Amẹ́ríkà ò di èyí tó pa àbá náà. Ọwọ́ tá a ká yẹn ló gba Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ìtìjú pé òun ló pa á.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ló ká ọwọ́ gbera: ìpinnu 2334 tó tako ilé tí Ísírẹ́lì ń kọ́ sórí ilẹ̀ Palẹ́sítínì, ní ọjọ́ 23 Oṣù Kejìlá 2016, 14 sí òdo. Sẹ̀nẹ̀gà wà nínú àwọn mẹ́rin tó gbé e wá, Ísírẹ́lì sì pe aṣojú rẹ̀ ní Dakar padà sílé. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 25 Oṣù Kẹta 2024, lórí ìpinnu 2728 tó ní kí ìjà Gásà dúró fún oṣù Ràmàdánì. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Netanyahu fagi lé ìrìn àjò àwọn aṣojú tó fẹ́ rán lọ sí Washington.

Ìbéèrè, láti Peckham ní London: Ìjọba Bírítéènì wa níbí ní àwọn náà ti fòfin de nǹkan ìjà.

Ìdáhùn: Díẹ̀ ni. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2024, ó tó ìwé àṣẹ 30 tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé nínú bíi 350. Wọ́n yọ ẹ̀yà ara bàálù F-35 sílẹ̀, torí pé inú àká kan tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ ń lò ló ń lọ.

Ìbéèrè, láti Ìlọrin: Tí wọ́n bá jà tán, ṣé Amẹ́ríkà lè já àdéhùn ààbò tó bá Ísírẹ́lì ṣe?

Ìdáhùn: Èwo nínú wọn? Kò sí àdéhùn kankan láàárín wọn tó sọ pé tí ogun bá ja ọ̀kan, èkejì gbọ́dọ̀ bá a jà, irú èyí tí àwọn NATO ní. Orúkọ ọ̀rẹ́ pàtàkì tí kò sí nínú NATO ni Ísírẹ́lì ń jẹ́ láti 1987. Owó, ọjà àti ìbò ni ohun tó so wọ́n pọ̀, ti owó yìí sì ní ọjọ́ tó máa parí: ọjọ́ 30 Oṣù Kẹsàn-án 2028 ni ọdún ìsúná tó kẹ́yìn nínú àdéhùn 2016 máa tán.