Ọyún Ń Jáde ní Etí Ọmọ Mi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀fìnkìn mú ọmọ mi, ọmọ ọdún 4, lóṣù tó kọjá. Lẹ́yìn náà ni etí ń ro ó, ó sunkún mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọyún ti rin ìrọ̀rí, ẹkún sì dá. Mo ra òògùn tí wọ́n ń kán sétí ní kẹ́míìsì, ìyá àgbà sì fi àdín sí i. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, etí kò gbẹ. Ṣé òògùn yẹn kò dára ni? — Ìyá Ọmọ, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú, ìyá wa. Ẹkún tó dá lójijì yẹn ti jẹ́ ká mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà tóóró kan wà láti ẹ̀yìn imú lọ sínú etí. Ti ọmọdé kúrú, ó sì tẹ́jú ju ti àgbà lọ, ìyẹn ni àìsàn inú ọ̀fìnkìn fi ń tètè gba ibẹ̀ kọjá. Ọyún kún ẹ̀yìn awọ ìlù etí títí awọ náà fi lu. Bó ṣe lu ni ìrora rọlẹ̀. Irú ihò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dí fúnra rẹ̀, bí etí bá gbẹ. Ṣùgbọ́n ọyún tó ti lé ní ọjọ́ 14 kì í ṣe ohun àmójúkúrò mọ́.

Òògùn lè dára kó má dé ibi tó ń lọ. Bí ẹ bá kán an lé ọyún, orí ọyún ló máa dúró sí, yóò sì ṣàn jáde. Ẹ kọ́kọ́ mú kí etí náà gbẹ.

Ẹ fọwọ́. Ẹ mú aṣọ òwú tó mọ́, tàbí tíṣù tí kì í tètè já, ẹ lọ́ ọ bí òwú fìtílà. Ẹ rọra kì í bọ ẹnu ihò etí, ẹ jẹ́ kó fa ọyún títí yóò fi rin, ẹ yọ ọ́, ẹ ki òmíràn. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ títí ọ̀kan yóò fi jáde ní gbígbẹ, ẹ má sì fi ìkankan sílẹ̀ sínú etí. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Igi olówùú inú páálí yẹn kọ́ o. Ṣe ló ń ti ọyún wọlé.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ kán òògùn. Ẹ kọ́kọ́ di ìgò rẹ̀ mọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí òògùn tútù máa ń kọ́ni lóòyì. Kí ọmọ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ fa etí rẹ̀ sókè sẹ́yìn (ti ọmọ tí kò tó ọdún 3, ìsàlẹ̀ ni ẹ ó fà á sí). Ẹ kán an, ẹ fi ìka tẹ ẹran kékeré iwájú ihò etí lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5.

Ẹ wo ara ìgò náà. Ciprofloxacin tí wọ́n ṣe fún etí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sábà máa ń fúnni, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá jẹ́ gentamicin, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ bi dókítà: ó lè gba ihò awọ ìlù kọjá, kó ba ìgbọ́ràn jẹ́.

Ìfẹ́ ló mú ìyá àgbà lo àdín, ṣùgbọ́n kó parí síbẹ̀. Omi ọyàn ńkọ́? Ìyẹ́ adìẹ ńkọ́? Rárá o. Bí ẹ bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́, ẹ fi òwú tí ẹ fi Vaseline pa dí ẹnu ihò etí, kí ẹ yọ ọ́ lẹ́yìn ìwẹ̀. Kò gbọdọ̀ lúwẹ̀ẹ́ lódò.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì ìtọ́jú yìí bá kọjá tí kò gbẹ, tàbí tó ń rùn burúkú, ẹ gbé e lọ bá dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Awọ ara lè máa hù nínú etí lọ́hùn-ún, kó máa jẹ eegun. Iṣẹ́ abẹ ló ń yanjú ìyẹn. Bí ẹ̀yìn etí bá wú, tí ẹnu wọ́, tí ọrùn le gan-an, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ dé ilé ìwòsàn.

ÌBÉÈRÈ: Àbúrò mi ṣubú lórí ọ̀kadà, ó forí gbálẹ̀. Láti ìgbà náà, omi tó mọ́ gaara ń kán ní etí rẹ̀ bó bá ti tẹríba. Òògùn wo ni kí a kán sí i? — Ẹ̀gbọ́n, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Kò sí o. Irú ìbéèrè yìí kò yẹ kó dúró de ìwé ìròyìn. Ó lè jẹ́ omi tó yí ọpọlọ ká ló ń gba ibi tí agbárí ti sán jáde. Ẹ má kán nǹkan kan sí i, ẹ má fi òwú dí i, kò sì gbọdọ̀ máa fun imú. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lónìí, kí ẹ sì sọ fún wọn ní kété tí ẹ bá débẹ̀ pé ó forí gbálẹ̀, omi sì ń jáde ní etí.