Áàpù "Nash equilibrium" fún tẹ́tẹ́: ṣé kí n rà á?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnì kan ń ta áàpù kan, ó ní ó máa ń ṣírò Nash equilibrium fún tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, pé ẹni tó bá tẹ̀lé e ò lè pàdánù mọ́. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Wọ́n ti bi mí ní èyí títí, ó ti sú mi.

Ta ló sọ fún yín pé Nash equilibrium ni kéèyàn máa jẹ? Kò ju pé kálukú ti mú ohun tó máa ṣe, tí kò wá sẹ́ni tó lè rí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá dá yí tiẹ̀ padà nígbà táwọn yòókù ò yí tiwọn. Ó tán. Gbogbo yín lè wà nínú equilibrium kẹ́ ẹ sì jọ máa jìyà.

Ẹ wo eré òkúta, bébà, sísọ́ọ̀sì. Equilibrium ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa mú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́ta, láìní ètò tẹ́nì kejì lè fura sí. Ó dáa, ká wá ní olódo lẹni tẹ́ ẹ̀ ń bá ta, òkúta ló ń mú ṣáá látàárọ̀, ẹ mọ iye tẹ́ ẹ máa jẹ? Òfo. Ẹ ó jẹ díẹ̀, ẹ ó pàdánù díẹ̀, ẹ ó ta ọ̀mì díẹ̀, tó bá pẹ́ á já sí ọgbọọgba. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ olódo yẹn, bébà ló máa gbá mú, ìyẹn sì ti kúrò nínú equilibrium. Ohun tí equilibrium ṣe fún yín ò ju pé ẹnikẹ́ni ò lè rẹ́ yín jẹ, nínú eré ẹni méjì tó jẹ́ pé ohun tẹ́nì kan jẹ lẹ́nì kejì pàdánù. Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ò sì rí bẹ́ẹ̀, ilé tẹ́tẹ́ ti yọ tiẹ̀ sínú odds kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Irú eré ẹni méjì yẹn, von Neumann, onímọ̀ ìṣirò, ti yanjú ẹ̀ ní 1928, kọ̀ǹpútà sì ń ṣírò ẹ̀ wéré. Àwọn eré tó kù ló le. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, Daskalakis, Goldberg àti Papadimitriou, fi hàn pé PPAD-complete ni wíwá equilibrium wọn, ìyẹn ni pé ìdáhùn wà níbẹ̀ dájú, àmọ́ a ò tíì rí ọ̀nà tó yá tó máa bá a nígbà gbogbo. Chen àti Deng sì fi hàn pé ẹni méjì péré náà ti tó kó le bẹ́ẹ̀, tí kì í bá ti í ṣe pé ohun tẹ́nì kan jẹ lẹ́nì kejì pàdánù. Áàpù wá ní òun ṣe é fún ogunlọ́gọ̀ ata-tẹ́tẹ́ nínú fóònù. Ẹ gbà mí o.

Mi ò rí inú áàpù yẹn o, mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè, ohun tẹ́ ẹ ní wọ́n sọ ni mò ń fèsì sí. Ẹ ṣáà bi ẹni tó ń tà á pé: ta ni òṣèré kejì nínú eré tó ṣírò, kí ló lè mú, èló ló ń bọ́ sọ́wọ́ kálukú? Tí ò bá lè kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ di owó yín mú.