Àyẹ̀wò G6PD lẹ́yìn tí oògùn ti fa wàhálà

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Mà. Ẹ ní dapsone tí wọ́n fún àwọn ọmọkùnrin yín méjèèjì nítorí ààrùn awọ ara sọ ìtọ̀ ẹ̀gbọ́n di dúdú, kò ṣe àbúrò ní nǹkan kan, àyẹ̀wò G6PD (èròjà tí ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀) tí wọ́n sì ṣe fún ẹ̀gbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn kan náà kò rí àléébù. Ẹ má tíì gbára lé èsì yẹn.

Ojú èmi náà rí i ní Ṣágámù níbí. Lẹ́yìn tí mo lo dapsone, ìtọ̀ mi dà bí tíì tí a kò fi mílíìkì sí, ẹyinjú mi pọ́n rúsúrúsú, mo sì ń dúró mí lórí àtẹ̀gùn tí mo máa ń sáré gùn. Síbẹ̀, èsì ilé àyẹ̀wò ní G6PD mi péye. Nínú irú àìtó G6PD tí ó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó ti dàgbà ni èròjà náà máa ń tán nínú rẹ̀. Bí oògùn bá ti fọ́ àwọn àgbà wọ̀nyẹn tán, àwọn ọ̀dọ́ tí ara ṣẹ̀ṣẹ̀ pèsè, tí èròjà ṣì pọ̀ nínú wọn, ni àyẹ̀wò máa bá, á sì dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Nǹkan bí ọjọ́ 120 ni sẹ́ẹ̀lì pupa ń lò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí oṣù 3 kọjá kí ẹ tó tún un ṣe. Àtúnṣe yẹn ló tú àṣírí tèmi.

Ti àbúrò kò yà mí lẹ́nu. Orí kúrómósóómù X, ọ̀kan nínú àwọn okùn àbùdá tí ọmọ ń jogún, ni àbùkù yìí wà, ọ̀kan ṣoṣo ni ọkùnrin sì ní, láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí ọ̀kan nínú méjì tí ìyá ní bá ní àbùkù, ọmọ kan lè jogún rẹ̀ kí èkejì má jogún rẹ̀. Àwọn arákùnrin yín ni kí ẹ bi léèrè, kì í ṣe ilé bàbá wọn. Ó tó nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 5 tí ó ní àbùkù yìí láàárín àwa Yorùbá, jínótáìpù AA kò sì dí i lọ́nà rárá.

Ní ti oúnjẹ, ẹ̀wà fava tí wọ́n ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ẹ̀wà tiwa. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa jẹ mọ́ínmọ́ín rẹ̀. Primaquine (oògùn ibà), nitrofurantoin (oògùn àkóràn ojú ìtọ̀) àti káńfọ̀ funfun tí a ń rà ní Òkè-Ajé sáàárín aṣọ ni kí ẹ ṣọ́ra fún, pàápàá bí ọmọ tuntun bá wà nílé. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ ohun tí dapsone ṣe fún ẹ̀gbọ́n sára káàdì rẹ̀ báyìí, kí ẹ má dúró de àyẹ̀wò kejì. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá tún dúdú, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni o, torí ó lè gba kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára.