Ṣé mo ní ìpín nínú ilé tí orúkọ ọkọ mi nìkan wà lórí ìwé rẹ̀?

Arábìnrin, ẹ ní ẹ̀yin àti ọkọ tí ẹ fẹ́ kọ̀ sílẹ̀ jọ kọ́ ilé sí Òkè-Baálẹ̀ níbí ní Òṣogbo, àti pé gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣì wà nílẹ̀. Irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe ni a ó kọ́kọ́ wò. Bí ó bá jẹ́ ti rẹ́jísírì, Ilé-ẹjọ́ Gíga ni ọ̀rọ̀ náà ń lọ, níbi tí abala 72 nínú òfin ìgbéyàwó ti ọdún 1970 ti fún adájọ́ lágbára láti pín dúkìá bó bá ṣe tọ́ fún tọkọtaya àti àwọn ọmọ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí kò sọ ọ́ di ìdajì-ìdajì. Ti ìbílẹ̀, kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń pàdánù, tó sì máa ń dùn mí, ni ẹ̀rí. Ẹ wá rìsíìtì sìmẹ́ǹtì àti páànù tí ẹ fi owó yín rà, kódà èyí tí yíǹkì rẹ̀ ti ń parẹ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lónìí, kí ẹ sì gba àkọsílẹ̀ owó tí ẹ fi ránṣẹ́ sí bíríkìlà láti báǹkì yín.

Ní ti gbèsè, ẹni tó tọwọ́ bọ̀wé ni ẹgbẹ́ yóò mú. Bí ẹ bá ṣe onídùúró fún ọkọ yín, ìkọ̀sílẹ̀ kò yọ yín, àfi bí ẹgbẹ́ bá gbà láti fi ẹlòmíràn rọ́pò yín.