Flagyl tí mo kà sí oògùn ìgbẹ́ gbuuru

Àbúrò, o ní wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ìfun fún bàbá rẹ, wọ́n kọ Flagyl oní-dírípù mọ́ abẹ́rẹ́ apakòkòrò ceftriaxone, o sì ń bèèrè pé kí ni Flagyl ń wá níbẹ̀ nígbà tí bàbá ò ya ìgbẹ́ gbuuru, àti pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa lò ó. Rà á o. Ojú mi ti rí nǹkan.

Lọ́dún 2016 àpẹ́ńdíìsì mi bẹ́ sínú. Níbi tí wọ́n gbé mi lọ, ceftriaxone nìkan ni wọ́n ń gún fún mi. Flagyl ti tán ní ilé oògùn wọn, kò sì sẹ́ni tó sọ fún ìyàwó mi pé kó lọ rà á níta. Lọ́jọ́ kẹrin, òórùn kan gba wọ́ọ̀dù. Mo ṣe bí ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ló ṣu sára. Àṣé èmi ni! Nọ́ọ̀sì ṣí báńdéèjì, ọyún aláwọ̀ eérú ń ṣàn, ó ń rùn bí òkú eku. Ọmọ mi obìnrin sá jáde. Dókítà àgbà yọjú, ó ní, "Ó wà lára ẹ̀, á lọ." Lára kí ni? Ọjọ́ méjì sí i ni ara mi fi gbóná kí dókítà kékeré kan tó ka fáìlì mi, tó rí i pé kò sí Flagyl níbẹ̀, tó figbe ta. Wọ́n tún gbé mi wọ tíátà, wọ́n tú okùn, wọ́n fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀ láìrán. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi ń ki gọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ti fẹ́ fa tàná jáde, irin bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń dì mú.

Dókítà kékeré yẹn ló là mí lóye: kòkòrò àìfojúrí tí kì í fẹ́ atẹ́gùn ló kún ìfun wa, irú Bacteroides. Níbùgbé wọn, wọn kì í pa wá lára. Tí ìfun bá lu tàbí tí abẹ kàn án, wọ́n á bọ́ sínú ikùn. Ceftriaxone kò fi bẹ́ẹ̀ lè pa wọ́n. Inú kòkòrò tí kò lo atẹ́gùn ni Flagyl ti ń di májèlé, ìyẹn ni kò fi lè pa àwọn yòókù, tí wọ́n fi ń lo méjèèjì pọ̀. Kó ti wọ ara bàbá láàárín wákàtí kan kí wọ́n tó fi abẹ kàn án. Ìyẹn ò le.

Agbo jẹ́dí oní-ògógóró ńkọ́? Kí ẹnikẹ́ni má gbé e wá síbẹ̀! Bí bàbá bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ tètè sọ, Flagyl máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dà ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹnu rẹ̀ á máa ṣe bí ẹni lá irin, ìtọ̀ rẹ̀ lè dúdú díẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù.

Ẹ̀n-ẹ́n, ọjọ́ mélòó. Tí kò bá sí ohun tó bẹ́, ìdènà lásán ni, kì í sábà kọjá wákàtí 24. Tó bá ti bẹ́, bí ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ inú mọ́ dáadáa. Tèmi, nígbà tí wọ́n wá fún mi, 500 mg ni ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ, ìyàwó mi ló ń kọ àkókò rẹ̀ sára ògiri.